Ajá ńlá ládùúgbò: òfin wo ló mú olówó ajá nílẹ̀ Èkìtì?

Ọmọ_Òkè_Ìlá kọ pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì. Ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ pín àdúgbò wa nílùú Adó sí méjì, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ òfin àti àwọn tó ń sin ajá bá wa dá sí i.

Onílé kan wà ní òpópónà wa tó ní ajá ńlá mẹ́ta: Boerboel méjì, Rottweiler kan. Bí mẹ́gáàdì bá ti ṣí géètì láàárọ̀ kí ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lè jáde, àwọn ajá yẹn á ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó di ojú títì. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ń lọ síléèwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dá màmá tó ń kiri ògì wólẹ̀, ọ̀kan sì bù ú jẹ lápá. Ọ̀gá náà fún màmá lówó oògùn, ó ní kó má bínú, ó wọlé lọ.

Nípàdé onílé ọjọ́ Sátidé, àwọn kan ní kó kó ajá rẹ̀ kúrò pátápátá, kò gbọdọ̀ ku ọ̀kan. Àwọn kan ní olè ti dín kù látìgbà tó ti kó wọn dé, ká fi í sílẹ̀. Ariwo la pa títí a fi tú ká. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn ìbéèrè tí mo bi wọ́n: òfin wo ló mú ẹni tó ní ajá? Ta la sì fẹ́ lọ bá, ṣé ọlọ́pàá ni àbí ìjọba ìbílẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Ìkéré fèsì pé:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí màmá náà. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Ajá ilé kejì ló bu ọmọ mi obìnrin jẹ lẹ́yìn ẹsẹ̀, níbi tí ìbọ̀sẹ̀ iléèwé rẹ̀ parí sí. Ojú eyín mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ihò kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde nínú wọn. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀, gbogbo ará ilé ní kò le, ká fi epo pupa àti ata gbígbẹ pa á. Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló pariwo mọ́ wa lórí fóònù pé ká gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ká máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo bi olówó ajá pé kàdì àjẹsára ajá rẹ̀ dà, ó ní ajá òun kì í ṣàìsàn. Ìyẹn ni gbogbo ìdáhùn tí mo rí gbà. Àwa la san owó gbogbo abẹ́rẹ́ tí ọmọ yẹn gbà. Ẹ jọ̀ọ́, bí òfin bá wà, ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n.

Ilé_Ẹ̀ṣọ́ fèsì pé:

Mo bá yín kẹ́dùn, màmá ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ìdí tí àwọn èèyàn fi ń ra ajá. Ní oṣù Kìíní 2024, wọ́n pa ọba méjì ní Èkìtì yìí, lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé gbé pẹ̀lú olùkọ́ wọn ní Emure. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló ń fọkàn balẹ̀ sùn? Èmi náà ní ajá méjì. Mi ò lówó tí mo lè fi gba ẹ̀ṣọ́ oníbọn, mi ò sì lè máa pe ọlọ́pàá lóru. Bí ajá mi bá gbó, mo mọ̀ pé ẹnì kan ń rìn lẹ́yìn ògiri. Ẹni tó bá ní ká kó ajá kúrò nílùú, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀.

Lọ́yà_Ajílósùn fèsì pé:

Ọmọ Òkè Ìlá, òfin tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò nípàdé yín lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjọba ìbílẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn kì í wò. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, nínú àfikún kẹrin, ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Lára wọn ni ṣíṣe òfin abẹ́lé lórí bí ẹran ọ̀sìn inú ilé ṣe gbọdọ̀ máa rìn àti bí a ṣe gbọdọ̀ máa sìn wọ́n, irú yòówù kí wọ́n jẹ́. Òfin owó orí ti 1998 náà sì jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ máa gba owó ìwé àṣẹ lórí ẹran ọ̀sìn ilé. Nítorí náà, agbára wà lọ́wọ́ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún tó wà ní Èkìtì láti sọ pé ajá báyìí báyìí kò gbọdọ̀ jáde láìní ṣéènì lọ́rùn, àti pé ẹni tó ní ajá gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti lọ bá wọn tọrọ rẹ̀ ní Abuja.

Ti ìwà ọ̀daràn wà lọ́tọ̀. Criminal Code tó ti wà nílẹ̀ látayé òyìnbó sọ ọ́ ní abala 304 pé ẹnikẹ́ni tí nǹkan kan bá wà níkàáwọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí tàbí aláìlẹ́mìí, tó jẹ́ pé bí kò bá ṣọ́ ọ dáadáa ó lè pa ẹlòmíì lára, ọ̀ranyàn ni kó ṣọ́ ọ. Bí kò bá ṣọ́ ọ tí aburú sì tibẹ̀ wá, òun ni wọ́n á kà á sí lọ́rùn. Ajá ò lè fara hàn ní kọ́ọ̀tù. Olówó rẹ̀ ni yóò dúró.

Ti owó ìtọ́jú wá ńkọ́? Ẹjọ́ gbà-mí-lówó nìyẹn, kì í ṣe ti ọlọ́pàá. Òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka ajá sí ẹran ilé, kò kà á sí ẹran igbó bíi kìnnìún. Nítorí náà, ohun tí ilé ẹjọ́ sábà máa ń bèèrè ni pé: ṣé olówó ajá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ajá yìí máa ń buni jẹ tàbí pé ó máa ń lé èèyàn? Bó bá ti mọ̀, kò ní ríbi sá sí, kódà bó bá sọ pé òun tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá tíì mọ̀, ẹ ṣì lè pè é lẹ́jọ́ pé kò bìkítà, torí ẹni tó jẹ́ kí géètì ṣí sílẹ̀ lójoojúmọ́ ní àkókò iléèwé kò lè sọ pé òun bìkítà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ onílé ló gbà pé tí àwọn bá ti kọ "Ẹ ṣọ́ra, ajá ń bẹ" sára géètì, àwọn ti bọ́. Irọ́ ni. Àkọlé yẹn lè dín ẹ̀bi rẹ kù lójú olè tó fo ògiri wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọjá lójú títì kò wọlé rẹ, kò sì yẹ kó ka àkọlé kó tó lè lọ sọ́jà. Lọ́yà tó gbọ́n á tiẹ̀ lo àkọlé yẹn ta kò ọ́ pé: o mọ̀ pé ajá rẹ léwu, ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ síta.

Ará_Manchester fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Ọmọ Ìkòlé ni mí, Manchester ni mò ń gbé. Òfin ajá eléwu ti wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1991. Irú ajá mẹ́rin ni wọ́n fi òfin dè fún ọ̀pọ̀ ọdún: pit bull terrier, Japanese tosa, dogo Argentino àti fila Brasileiro. Nígbà tí XL Bully wá ń pa èèyàn, wọ́n fi kún un. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2023, kò gbọdọ̀ jáde láìní okùn lọ́rùn àti ìdínu, wọn ò sì gbọdọ̀ tà á. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2024, ẹni tó bá ń sìn ín ní England àti Wales láìní ìwé ìyọ̀ǹda ti ṣẹ̀ sí òfin. Owó ìwé yẹn jẹ́ £92.40 nígbà náà. Wàá tún tẹ ajá náà lọ́dàá, wàá fi máíkíróṣíìpù, ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó ni ajá, sí i lára, wàá sì ní ìnṣọ́ránsì tí yóò san owó fún ẹni tó bá bù jẹ.

Àmọ́ abala mìíràn wà níbẹ̀ tí mo rò pé ó wúlò fún yín ju ti irú ajá lọ. Ajá yòówù, títí kan èyí tó kéré bí ológbò, bó bá ti kọjá agbára olówó rẹ̀, tó sì ba ẹnì kan lẹ́rù pé ó fẹ́ bu òun jẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kó tó di pé ó fi eyín kanni. Tẹ́lẹ̀, inú ọgbà olówó ajá kò sí lára ibi tí òfin náà dé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bu àwọn tó ń pín lẹ́tà jẹ. Ní 2014 ni wọ́n tún un ṣe kó lè dé inú ọgbà náà. Bí ẹni tí ajá bù jẹ bá kú, ẹ̀wọ̀n olówó rẹ̀ lè tó ọdún mẹ́rìnlá. Bó bá farapa, ó lè tó ọdún márùn-ún.

Ọmọ_Òkè_Ìlá fèsì pé:

Ẹ ṣé gan-an ni, lọ́yà, àti ẹ̀yin ará Manchester. Ṣé kí àwa náà kúkú kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n fi òfin de Boerboel àti Rottweiler ní Adó? Ìyẹn ló máa tẹ́ àwọn tó ń bínú jù nípàdé wa lọ́rùn.

Dókítà_Ẹranko fèsì pé:

Àbúrò mi, ẹ má gba ọ̀nà yẹn. Boerboel tí ẹ fẹ́ fi òfin dè yìí kò sí nínú àwọn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti ń to orúkọ. Bí ẹ bá de ọ̀kan, àwọn tó ń ta ajá á mú òmíràn dé. Àwọn tí mò ń rí tí ajá bù jẹ nílẹ̀ Èkìtì, ajá ìbílẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Bingo ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń bù wọ́n jẹ. Òun ló ń rìn káàkiri ọjà, òun ni ẹnikẹ́ni kì í jẹ́wọ́ pé òun ló ni ín.

Bí wọ́n ṣe ń sin ajá ló ń sọ ọ́ di ẹhànnà. Ẹ lọ wo kéèjì tí wọ́n ń kó Boerboel sí láwọn ilé kan: irin ni yíká, ilẹ̀ rẹ̀ kún fún ìgbẹ́, ajá náà kò lè nà tán nínú rẹ̀. Àárọ̀ títí di alẹ́ ló wà níbẹ̀, oòrùn ń pa á, àwọn ọmọ ń kọjá, wọ́n ń sọ òkò lù ú. Láti kékeré kò sẹ́ni tó mú un jáde rí kó lè mọ̀ pé èèyàn tó ń kọjá lọ kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn mìíràn ń fi ata sínú oúnjẹ rẹ̀ kó lè burú. Ọjọ́ tí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá rí géètì ní ṣíṣí, kí lẹ rò pé yóò ṣe? Ẹran ńlá tó ní eyín tó le léwu lóòótọ́, torí bó bá bù ọ́ jẹ, ó pọ̀ ju ti Bingo lọ. Mi ò jiyàn ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí òfin yín di olówó ajá mú, kí orúkọ ajá má ṣe gbà yín lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bèèrè, ó sì ń bà mí lẹ́rù. Màmá ológì yẹn, ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi? Kí ni wọ́n ṣe sí ojú egbò rẹ̀?

Ọmọ_Òkè_Ìlá fèsì pé:

Dókítà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé màmá ni. Kẹ́míìsì ló lọ. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì àti oògùn ìrora, wọ́n sì fi owú di apá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ dìgbòlugi fún un.

Dókítà_Ẹranko fèsì pé:

Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn ńlá lónìí, ẹ má dúró di ọ̀la. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá tilẹ̀ ti kọjá, kò pẹ́ jù, torí àrùn yẹn sábà máa ń lò tó oṣù méjì sí mẹ́ta nínú ara kó tó fara hàn. Àmọ́ bó bá ti fara hàn, ikú ló kù, kò sí dókítà tó ní oògùn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n á sọ ọjọ́ tó máa padà wá fún un, kó má fo ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo egbò náà pẹ̀lú, torí egbò tó bá jìn tún ní abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń fún yí ojú rẹ̀ ká.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ibi tí ajá bá ti buni jẹ, tàbí tó fi eékánná ya, tàbí tó lá egbò, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Kí ẹ má fi epo, ata, ẹ̀tù tàbí àgúnmu sí i. Kí ẹ má sì pa ajá náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ dè é mọ́lẹ̀, ẹ máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹ má fi abẹ́rẹ́ èèyàn dúró de ọjọ́ mẹ́wàá yẹn. Bó bá kú láàárín rẹ̀, ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ kan wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n ti ń yẹ orí ajá wò láti mọ̀ bóyá dìgbòlugi ni.

Ajá tó bá ti pé oṣù mẹ́ta yẹ kó gba abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà kó máa gbà á lọ́dọọdún. Bí ajá 70 nínú 100 bá gbà á nílùú kan, àrùn yẹn kì í ríbi gbà mọ́.

Ọdẹ_Ìrè fèsì pé:

Ẹ kú ulé o. Ní Ìrè tí mo ti wá, a kì í fi ọ̀rọ̀ ajá ṣeré. Òun la fi ń bọ Ògún, òun náà la fi ń ṣọdẹ. Ajá ọdẹ mọ fèrè olówó rẹ̀. Bí mo bá fọn ọ́n, bí ẹran wà lẹ́nu rẹ̀, á jù ú sílẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì kọ́ ajá rẹ̀ dé ibi tó ti lè pè é padà, kò tíì lájá. Ó kàn ń bọ́ ẹranko ni.

Bí ajá bàbá mi bá pa ewúrẹ́ ẹni, bàbá mi kì í dúró kí wọ́n ránṣẹ́ pe òun sílé baálẹ̀. Á fi owó ewúrẹ́ sápò, á lọ kan ilẹ̀kùn olówó ẹran. Ewúrẹ́ mà nìyẹn o. Ọ̀gá yìí fún màmá lówó oògùn, ó wọlé lọ, kò bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn àgbà ní ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Bó bá jẹ́ pé ilé olówó rẹ̀ ló ń ṣọ́, kí ló wá ń wá lójú títì?

Ilé_Ẹ̀ṣọ́ fèsì pé:

Bàbá ọdẹ, ọ̀rọ̀ yín tà mí létí. Ajá tèmi kì í jáde, mo sì ní kàdì wọn. Ohun tí mo ṣì ń kọminú sí ni ìwé àṣẹ tí lọ́yà ń sọ. A mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí níbí. Wọ́n á kàn sọ ọ́ di owó tí wọ́n ń gbà lójú géètì ni, wọ́n á já ìwé lé ẹni tó ń ṣe dáadáa lọ́wọ́, Bingo tí kò lólówó á sì máa rìn lọ lójú wọn.

Wolé_Wolé_Àtijọ́ fèsì pé:

Ọ̀rọ̀ Ilé Ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe àsọdùn, mo sì ti ṣe iṣẹ́ wolé-wolé rí kí n tó fẹ̀yìn tì. Kí òfin tó lè ṣiṣẹ́, ó nílò ibi tí wọ́n á kó ajá tí wọ́n bá mú sí. Bí o bá gba ajá lọ́wọ́ ẹni tó rú òfin, ta ni yóò máa bọ́ ọ? Níbo lo máa so ó mọ́? Àìsí ibẹ̀ ló ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ gba ohun tí wọ́n bá fún un, kó sì máa lọ.

Bí mo bá ní àṣẹ, owó ìwé yẹn kò ní wọ àpò gbogboogbò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n á fi rà. Ẹni tó san owó mú ajá rẹ̀ wá, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ níbẹ̀, wọ́n fún un ní kàdì àti nǹkan tí yóò fi sí i lọ́rùn. Èyí tí kò bá ní nǹkan lọ́rùn ni wọ́n á kà sí aláìlólówó. Ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé òun ò rí ohun tí òun sanwó fún. Ilẹ̀ Èkìtì yìí ló ṣe òfin ìdaran màlúù ní 2016, tí wọ́n sì dá àwọn tí yóò mú un ṣẹ sílẹ̀. Ẹni tó lè ṣe ti màlúù lè ṣe ti ajá.

Ọmọ_Òkè_Ìlá fèsì pé:

Màmá ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló wà wá lọ nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ dókítà sí i létí. Ajá méjì nínú mẹ́ta ní kàdì, ẹ̀kẹta kò ní, òun ló sì bu màmá jẹ. Wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀, dókítà ẹranko á máa wá wò ó.

Ẹ̀yin bàbá tó ti ṣe alága onílé rí, kí ni ká kọ sínú ìwé tí a fẹ́ jọ fọwọ́ sí ládùúgbò kí ìjọba ìbílẹ̀ tó dá wa lóhùn?

Alága_Onílé fèsì pé:

Ẹ má jẹ́ kó gùn. Ní tiwa, ohun tí a kọ́kọ́ kọ ni pé géètì kan kò tó fún ilé tó bá ní ajá ńlá. Kéèjì tàbí ògiri kékeré gbọ́dọ̀ wà láàárín ajá àti géètì ìta, mẹ́gáàdì kò sì gbọ́dọ̀ ṣí ti ìta láìjẹ́ pé ti inú wà ní títì. Èyí nìkan dín wàhálà wa kù ju gbogbo ìyókù lọ. A fi kún un pé bí ajá bá máa jáde, àgbàlagbà ni yóò mú un, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tí ajá lè wọ́ nílẹ̀, ṣéènì á wà lọ́rùn rẹ̀, ìdínu á wà lẹ́nu rẹ̀. Kàdì àjẹsára á dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé lọ́dọọdún. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, olówó rẹ̀ á gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, á san gbogbo owó abẹ́rẹ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn, ká tó wá jókòó sọ ẹni tó jẹ̀bi. A kò yọ alága sílẹ̀ o, torí èmi náà lájá nígbà yẹn.

Ẹ mú ẹ̀dà ìwé yẹn lọ fún ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà, kí wọ́n buwọ́ lù ú pé àwọn ti gbà á.

Ayálégbé_Adébáyọ̀ fèsì pé:

Ẹ jọ̀ọ́, lọ́yà, ìbéèrè kan. Lándíọ́ọ̀dù mi ló ni ajá inú ọgbà wa, kì í sì í gbélé. Bí ajá bá bu àlejò mi jẹ nígbà tí mẹ́gáàdì ṣí i sílẹ̀, ta ni ká mú? Lándíọ́ọ̀dù ní èmi ni mo gba àlejò, mẹ́gáàdì ní òun kàn ń ṣe iṣẹ́ òun ni.

Lọ́yà_Ajílósùn fèsì pé:

Lándíọ́ọ̀dù ni. Òun ló ni ajá, òun ló gba mẹ́gáàdì síṣẹ́, ohun tí òṣìṣẹ́ bá sì ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ọrùn ọ̀gá ló máa ń pa dà sí. Pé kì í gbélé kò yọ ọ́. Àlejò rẹ náà kì í ṣe olè, o lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àlejò nílé tí ò ń san owó rẹ̀. Kọ lẹ́tà sí lándíọ́ọ̀dù báyìí, kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Sọ ọjọ́ tí ajá náà lé èèyàn àti ẹni tó lé, ní kó ṣe kéèjì sí i, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, kò ní lè sọ níwájú adájọ́ pé òun ò mọ̀.